Òórùn Dídùn Kì í Ṣe Ọ̀ranyàn: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Obìnrin Tí A Tọ́jú Nínú Àrùn Jẹjẹrẹ Ọyàn

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́sálásí. Ọ̀rọ̀ imú ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ awọ ara. Bí ó ti wù kí ó kéré tó lójú ẹni tí ara rẹ̀ le, ó ti lé díẹ̀ nínú àwọn ìyá wa kúrò láàárín ìjọ, púpọ̀ nínú wa kò sì mọ ohun tí ó lé wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń dákẹ́ ni mo fi ní kí n bá wọn sọ ọ́.

Ìyá kan wà ní ìlú Ìbàdàn tí mo mọ̀ dáadáa. Ó ju ogún ọdún lọ tí ó ti ń ta lọ́fínńdà, tùràrí, ọṣẹ olóòórùn àti ìpara oríṣiríṣi. Bí ènìyàn bá ń lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, imú ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ti dé ibẹ̀ kí ojú tó rí i. Òun ni ó máa ń gbé ìgò kékeré wá sí Àsàlátù ní ọjọ́ Àìkú, tí yóò máa kán an sí àtẹ́lẹwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n rí kókó nínú ọyàn òsì rẹ̀, kò fi falẹ̀, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fa oògùn sí i lára fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì fi ẹ̀rọ onítànṣán tọ́jú àyà rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó yè é, ó padà sílé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí ó tún wá sí mọ́sálásí, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ayọ̀ ti máa ń rí láàárín àwọn obìnrin wa. Ẹnì kan dì mọ́ ọn, ó fi mísíkì pa á ní ìborùn. Ẹlòmíràn fín lọ́fínńdà sí i láyà, níbi tí iná ìtànṣán ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Kí Lèmọ́mù tó dìde ka kútúbà, rìndòrìndò ti mú un. Ó sáré jáde, ó sì bì sí ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Nígbà tí yóò fi di alẹ́, àyà rẹ̀ ti ń jó o bí ẹni tí a fi ata pa lára. Láti ọjọ́ náà kò wá mọ́. Àwọn kan ní àìsàn náà ni ó tún padà dé. Àwọn mìíràn ní Àlájà ti ń gbéra ga láti ìgbà tí ó ti ti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà dé.

Oṣù kẹta ni mo lọ kí i. Mo ní, "Ìyá, a kò rí yín mọ́ o. Ṣé kò sí?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, èmi tí mo fi òórùn tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú ni òórùn wá lé jáde ní ilé Ọlọ́run. Wọ́n rò pé mo kọ̀ wọ́n ni. Èmi kò kọ ẹnì kan, imú mi ni ó kọ̀."

Ẹ̀yin ará, irú ìyá yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Jẹjẹrẹ ọyàn ni ó wọ́pọ̀ jùlọ nínú gbogbo irú jẹjẹrẹ tí ń ṣe àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti UCH ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1957, títí dé ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí a ṣí sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, Èkó, ní ọdún 2019, àwọn obìnrin ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń padà wá sáàárín wa. Wọ́n ń ná ọjà pẹ̀lú wa, wọ́n ń kírun pẹ̀lú wa. Ó yẹ kí a mọ bí a ó ti gbà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ imú. Oògùn líle tí a ń fà sínú iṣan, èyí tí àwọn aláìsàn ń pè ní kímò, kì í ṣe iṣẹ́ lára àrùn nìkan. Ibikíbi tí ara bá ti ń yára hù ni ó ń kàn: irun orí, inú ẹnu, ìfun. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí ẹnu fi ń ro, tí adùn oúnjẹ àti òórùn nǹkan fi ń yí padà. Ọbẹ̀ tí ó ń ta sánsán síni nímú tẹ́lẹ̀ lè wá máa rùn bí irin. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, imú a máa padà bọ̀ sípò ní ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn bá parí.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà. Ọpọlọ a máa so òórùn mọ́ ohun tí ojú rí. Bí aláìsàn bá ń fi ọṣẹ kan wẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ tí ó ń lọ gba oògùn, tàbí bí lọ́fínńdà kan bá máa ń wà lára ẹni tí ń fa oògùn náà sí i, òórùn yẹn lè máa rú u nínú fún oṣù púpọ̀, àní fún ọdún, lẹ́yìn tí oògùn ti kúrò lára. Kì í ṣe pé àrùn padà dé. Kì í ṣe ìgbéraga, kì í sì í ṣe àìgbàgbọ́. Ara ni ó rántí ìyà tí ó jẹ.

Ọ̀rọ̀ awọ ara tún wà lọ́tọ̀. Ní ti ìtànṣán, a máa ń fi tọ́jú àyà tàbí abíyá lójoojúmọ́, yàtọ̀ sí òpin ọ̀sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 5, bí dókítà bá ti pinnu. Ti àwọn mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Kì í dun ènìyàn ní àkókò tí a bá ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì, ibẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, a sì máa yún. Lára òyìnbó, pípọ́n ni a ń rí. Lára àwa dúdú, ńṣe ni ó sábà máa ń dúdú sí i, nítorí náà ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Abẹ́ ọyàn àti abíyá, níbi tí awọ ti ń fara kan awọ tí òógùn sì ń mu, lè bó. Ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí ni ó máa ń le jùlọ, lẹ́yìn náà ni yóò máa san díẹ̀díẹ̀. Kódà nígbà tí ó bá san tán, awọ ibẹ̀ lè máa gbẹ ju ti ibòmíràn lọ fún ìgbà pípẹ́, oòrùn sì lè tètè jó o.

Irú awọ bẹ́ẹ̀ dà bí ti ọmọ ìkókó. Nínú gbogbo ohun tí a ń fi wẹ̀ àti ohun tí a ń fi para, èròjà olóòórùn wà lára èyí tí ó máa ń mú ara yún àwọn ènìyàn jùlọ. Bí ó bá lè ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le, kí ni a ó ti sọ nípa awọ tí ó ti bó? Bákan náà, bí wọ́n bá ti yọ àwọn kókó kéékèèké tí ń sẹ́ omi ara kúrò ní abíyá, apá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lè máa wú. Bí awọ apá náà bá gbẹ tí ó sì là, ó di ẹnu ọ̀nà fún kòkòrò àrùn. Nítorí náà, kí obìnrin máa fi ìpara pa á kí ó má baà gbẹ ṣe pàtàkì púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ìpara tí kò ní òórùn.

Nísinsìnyí, mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé, "Ṣé òórùn dídùn kì í ṣe ara ìṣesí Ànọ́bì ni?" Òtítọ́ ni. Ànọ́bì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, fẹ́ràn òórùn dídùn, kì í sì í kọ̀ ọ́ bí ènìyàn bá fi ta á lọ́rẹ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wíwẹ̀ àti fífi òórùn dídùn para jẹ́ ohun tí ó dára. Ṣùgbọ́n ohun rere tí ó ní ẹ̀san ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn bí ìrun márààrún. Ìrun ẹni tí kò fi lọ́fínńdà para kò ní àbùkù. Ní ti àwọn obìnrin pàápàá, ẹ̀kọ́ tí a gbọ́ ni pé kí wọ́n má ṣe fi òórùn líle para bí wọ́n bá ń bọ̀ ní mọ́sálásí. Báwo ni a ó ti wá máa fi ohun tí a kò pa láṣẹ fún un lé e jáde?

Ẹ tún wo iṣẹ́ Háájì. Láti ìgbà tí alálàájì bá ti wọ ihram ni òórùn dídùn ti di èèwọ̀ fún un títí yóò fi bọ́ kúrò nínú rẹ̀. Aisha, ìyá àwọn onígbàgbọ́, ni ó fi òórùn dídùn pa Ànọ́bì lára kí ó tó wọ ihram, òun náà ni ó sì tún fi pa á lẹ́yìn tí ó bọ́ kúrò níbẹ̀. Ohun kan náà tí ó dára tẹ́lẹ̀ ni a pa tì fún ìgbà díẹ̀, a sì tún padà sídìí rẹ̀. Opó náà ń pa á tì fún oṣù 4 àti ọjọ́ 10, kò sì sí ẹni tí ń pè é ní ọlọ́yàyà tàbí agbéraga. Bí a bá lè dúró de alálàájì, tí a sì lè dúró de opó, kí ni ó dé tí a kò lè dúró de ẹni tí àwọ̀ àyà rẹ̀ ń bó?

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà tí a sábà ń sọ nípa àlùbọ́sà àti ááyù. Ànọ́bì ní kí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní tútù má ṣe súnmọ́ mọ́sálásí, nítorí òórùn rẹ̀ ń ni àwọn tí ń kírun lára. Ẹ ṣe àkíyèsí pé àlùbọ́sà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, oúnjẹ tí ó tọ́ ni. Ìnira ọmọnìkejì ni ó di ọ̀rọ̀. Bí mísíkì tèmi bá ń mú arábìnrin mi bì, mo rò pé ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn oníṣòwò wa sọ̀rọ̀ kan níhìn-ín. Púpọ̀ nínú yín ni ó máa ń sọ fún oníbàárà pé, "Èyí kò ní ọtí nínú, kò lè ṣe yín ní nǹkan." Apá àkọ́kọ́ lè jẹ́ òtítọ́, apá kejì kò fi bẹ́ẹ̀ rí. Pé lọ́fínńdà kò ní ọtí nínú, ó mú ọkàn Mùsùlùmí balẹ̀, kì í sì í ta ojú egbò bí ọlọ́tí. Ṣùgbọ́n òróró lọ́fínńdà tí kò ní ọtí lè jẹ́ ògidì èròjà olóòórùn, èròjà náà gan-an sì ni ó ń mú ara yún. Ohun tí ó tọ́ nínú ẹ̀sìn lè má bá ara aláìsàn mu. Oyin tọ́, síbẹ̀ a kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin.

Ìbẹ̀rù kejì tí mo ń gbọ́ ni ti àwọn tí ń sọ pé rólọ́ọ̀nù tí a ń yí sí abíyá àti lọ́fínńdà ni ó fa jẹjẹrẹ fún obìnrin, àti pé bí ó bá tún lò ó, àrùn yóò padà. Mo ti rí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń bá wí pé lọ́fínńdà tí ó ń lò ní ọjọ́ ìgbéyàwó ni ó kó àìsàn wọ ilé. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ru aláìsàn. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi àwọn obìnrin 813 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọyàn àti 793 tí wọn kò ní in léèrè nípa ohun tí wọ́n ń fi pa abíyá. Wọn kò rí i pé ó fa àrùn náà. Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí èròjà kan tí a ń pè ní paraben, èyí tí a fi ń mú kí ìpara pẹ́ kí ó tó bàjẹ́, nínú kókó jẹjẹrẹ 20 tí wọ́n yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n rírí tí wọ́n rí i níbẹ̀ kò fi hàn pé òun ni ó fa àrùn náà.

Òtítọ́ ni pé paraben àti àwọn èròjà mìíràn nínú ohun olóòórùn lè ṣe díẹ̀ bí omi ara obìnrin tí ń jẹ́ estrogen, èyí tí irú jẹjẹrẹ ọyàn kan máa ń fi ṣe oúnjẹ. Agbára wọn kéré púpọ̀ sí ti èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe. Síbẹ̀, bí obìnrin bá sọ pé kí ọkàn òun lè balẹ̀, òun yóò yẹra fún wọn, kò ṣe àṣìṣe, kò sì pàdánù ohunkóhun. Ohun tí kò dára ni kí ó máa gbé nínú ẹ̀rù nítorí ọṣẹ tí ó ti lò ní ogún ọdún sẹ́yìn.

Kí ni kí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ṣe? Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì ni kí ó bi àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, nítorí ara kò rí bákan náà. Lẹ́yìn èyí, àwọn nǹkan wọ̀nyí yóò ràn án lọ́wọ́.

Ìkínní ni ìwẹ̀. Ní àkókò ìtànṣán àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò ní òórùn ni kí ó fi wẹ ibẹ̀. Kí ó má ṣe fi kànhìnkànhìn ha á. Kí ó fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí ó má ṣe nù ún fàfà. Ọṣẹ dúdú wa dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n omi eérú ni a fi ń sè é, ó sì le fún awọ tí ó ti bó. Àwọn alọ́ṣẹ mìíràn tún ti ń da lọ́fínńdà sí i ní ìsinsìnyí. Kí ó fi í sílẹ̀ títí ara yóò fi le. Bí ojú egbò kò bá sì gbọdọ̀ kan omi, ẹ̀sìn wa ti fi àyè sílẹ̀. Táyámọ́mù wà, fífi ọwọ́ tútù pa orí aṣọ tí a fi di egbò náà wà. Kí ó bi Ààfáà rẹ̀.

Ìkejì ni ti abíyá. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn dókítà a máa sọ pé kí a má fi ohunkóhun kàn án títí ìtànṣán yóò fi parí. Àwọn ìwádìí tí a ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé rólọ́ọ̀nù kì í ṣe ìtọ́jú náà ní ìdíwọ́, bí awọ kò bá tíì bó. Bí ó bá ti bó, kí ó dá a dúró. Ọ̀pọ̀ obìnrin tún wà tí ń lo oògùn oníhóró bíi tamoxifen fún ọdún 5 sí 10. Oògùn náà a máa mú kí ooru bù wọ́n lójijì tí òógùn yóò sì bò wọ́n, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá ohun olóòórùn kiri. Aṣọ òwú tí kò fún ara, omi tútù, àti pípààrọ̀ aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ yóò ṣe wọ́n ní àǹfààní ju páúdà olóòórùn lọ. Bí abíyá bá ti kú tipiri nítorí iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n ṣọ́ra fún abẹ fífá irun, nítorí ó lè gé wọn láìmọ̀.

Ìkẹta, bí ara bá ti san tí ọkàn rẹ̀ sì tún fẹ́ òórùn dídùn, kí ó lò ó! Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ dán an wò. Kí ó fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn ìgbúnwọ́ níbi tí apá ti ń ṣẹ́, ní apá kejì tí wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ sí, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ fún ọjọ́ 7. Bí kò bá yún, tí kò sì sú, ó lè lò ó. Ó sì sàn kí ó kán an sí etí aṣọ tàbí ìborùn ju kí ó fi pa ojú àpá lọ.

Ìkẹrin ni èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo yín fi sí ọkàn. Bí ojú àpá tàbí orí ọmú bá sú, tí ó ń yún, tí ó ń ṣe omi, kí a má ṣe máa sọ pé ọṣẹ ni, ọṣẹ ni, kí oṣù máa gorí oṣù. Bí a bá ti pa ohun olóòórùn tì fún ọ̀sẹ̀ 2 tí kò sì lọ, kí obìnrin náà lọ fi han dókítà, nítorí jẹjẹrẹ náà a máa yọjú bí èélá nígbà mìíràn. Bí apá bá ṣàdédé wú, tí ó gbóná, tí ibà sì dé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó má ṣe dúró di ọ̀la. Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ àwọn ọkùnrin sílẹ̀, nítorí nínú nǹkan bí 100 tí àrùn yìí ń ṣe, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan jẹ́ ọkùnrin.

Ẹ̀yin oníṣòwò, mo tún padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ kọ́ láti máa ka ara ìgò. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ "parfum" tàbí "fragrance," ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà lè bo èròjà púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti ọdún 2005 ni òfin ti ní kí a máa kọ orúkọ èròjà olóòórùn 26 tí ó máa ń mú ara yún sára ọjà. Òfin ọdún 2023 sọ iye náà di ohun tí ó lé ní 80. Ẹ tún mọ̀ pé "unscented" àti "fragrance free" kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àkọ́kọ́ lè ní èròjà tí a fi bo òórùn mìíràn mọ́lẹ̀ nínú. Ti èkejì ni kí ẹ wá fún aláìsàn. Òróró tí a rọ láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò wẹ́wẹ́, tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi búra fún ẹni tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san. Ẹ̀sìn wa ní kí ọlọ́jà fi àbùkù ọjà rẹ̀ han ẹni tí ń rà á. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ó wà nínú ìgò, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Oníbàárà tí ẹ sọ òtítọ́ fún yóò padà wá.

Ẹ̀yin Lèmọ́mù, ẹ̀yin Ìyá Àdínì, àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ Àsàlátù, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ná yín lówó. Ẹ fi ibì kan sílẹ̀ nítòsí fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, fún ẹni tí òórùn ń ni lára. Ẹ sọ fún ìjọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fín lọ́fínńdà sí ẹlòmíràn lára láìkọ́kọ́ béèrè. Bí ẹ bá fẹ́ sun tùràrí, ẹ sun ún kí àwọn ènìyàn tó dé, kí èéfín rẹ̀ ti lọ. Bí ẹ bá lọ kí aláìsàn nílé, ẹ wẹ̀, ẹ wọ aṣọ mímọ́, kí ẹ sì fi lọ́fínńdà sílẹ̀ nílé. Ìmọ́tótó ni a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀, òórùn lè dúró.

Mo fẹ́ fi ìyá wa ará Ìbàdàn parí ọ̀rọ̀ mi. Ní ọjọ́ tí mo lọ kí i, ó fi ọwọ́ gbá pákó kan ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ní, "Wo ọṣẹ yìí. Ọṣẹ tí mo máa ń tà fún àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà ni, tí kò ní òórùn kankan. Ọdún mélòó ni mo ti ń tà á, n kò fi wẹ̀ rí àfi ọdún tí èmi náà lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ pé, 'Màmá, ẹ wá ọṣẹ tí kò ní òórùn,' mo ní kí ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Àṣé ó wà nínú ìsọ̀ mi." Ní báyìí, kì í ṣe ìgbà Háájì nìkan ni ọṣẹ náà ń wà lórí àtẹ. Ó ti ya pákó kan sọ́tọ̀ fún un pẹ̀lú ìpara tí kò ní òórùn, àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ náà sì ń rà á.

Ìyá Àdínì àdúgbò wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó lọ sílé rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní, "Àlájà, ẹ má bínú, a kò mọ̀ ni." Wọ́n fún un ní àyè lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti padà sí ìrun Jímọ̀. Ó ṣì ń ta lọ́fínńdà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ń rọ ọ́ sí ìgò fún àwọn oníbàárà. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì lò ó. Ó ní ọjọ́ tí imú òun bá gbà á ni òun yóò tún lò ó, bí kò bá sì gbà á mọ́, ohun tí Ọlọ́run ń wò kì í ṣe òórùn ìborùn.

Kí Ọlọ́run Allah fún gbogbo aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí ó dá àwọn tí ó ti yè sí fún wa, kí ó sì jẹ́ kí ìjọ wa jẹ́ ibi ìsinmi fún wọn. Àmín.